Òrùka Inú Iyán

Eyín mi ló kọ́kọ́ kàn án. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo jókòó ní pálọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Ìsàn-Èkìtì, mo ń jẹ iyán tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún fún mi. Bí mo ṣe fẹ́ gbé òkèlè kan mì ni nǹkan ró kàù láàárín eyín mi. Mo rò pé òkúta ni. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi bá a ṣẹ̀fẹ̀, pé kí ó padà wá sí kíláàsì mi kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ iṣu. Mo tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. Kì í ṣe òkúta. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ni, iyán ti dí ihò rẹ̀ pa.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin jókòó ní òdìkejì mi. Ìyá àgbà ni. Inú agbo ilé yẹn ló ń gbé láti ìgbà tí ọkọ tirẹ̀ ti kú, òun àti àbúrò mi ni wọ́n sì jọ máa ń jẹun. Nígbà tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú abọ́.

"Yéè! Ó ti wá mú un."

"Ta ló wá mú kí ni, Màmá?"

"Ọkọ rẹ̀ ni. Àbúrò mi ti wá gba òrùka rẹ̀."

"Màmá, inú iyán ni mo ti rí i. Ìgbà tó ń kó iyán nínú odó ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Tíṣà, ẹ má kọ́ mi ní a, b, d." Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú rẹ̀, ẹ̀rù ni. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi òrùka yẹn sí i lọ́wọ́, ṣé ó bọ́ rí? Nígbà tó lóyún àbígbẹ̀yìn tí ọwọ́ rẹ̀ wú, tí a fi ọṣẹ fà á títí, ṣé ó gbà kó bọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ọjọ́ tí òun bá bọ́ aṣọ dúdú lòun máa bọ́ òrùka. Aṣọ dúdú rèé lọ́rùn rẹ̀, òrùka ti lọ. Ọkọ rẹ̀ ń sọ fún un pé kó máa bọ̀ ni."

Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ omi tí a fẹ́ fi ṣanwọ́ dání. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, àfi bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Kò sunkún. Ó gbé abọ́ náà sẹ́nu, ó sì mu omi ìṣanwọ́ náà tán gbẹ́ẹ́ níwájú wa, láìmọ̀ pé òun ń mu ún.

Òrùka inú iyán yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n abọ́ tó ṣófo yẹn ló mú kí ara mi bù máṣọ.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe tọ́. Ìkọ̀lé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, ní àwọn ọdún tí tẹlifóònù alágbèéká ti dé àwọn ìlú ńlá tí kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ tiwa. Bí mo bá fẹ́ mọ bí àbúrò mi ṣe wà, àfi kí n wọkọ̀ lọ sí Ìsàn, ó sì máa ń tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí n tó ráyè. Ọkọ rẹ̀ ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló pa á, kò sì sí ẹni tó lè dárúkọ àìsàn náà fún wa.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ìdílé tó fẹ́ ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onígbàgbọ́ ni gbogbo wọn, opó gbọ́dọ̀ wọ aṣọ dúdú fún ọdún kan. Wọ́n rán gáùn dúdú fífẹ̀ fún àbúrò mi, èyí tó bò ó láti ọrùn dé kókósẹ̀. Ara ńlá ni Ọlọ́run fún un. Gàrí ló ń yan tà, ó sì máa ń gbé àpò ẹ̀gẹ́ bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwọn àlejò á máa pè é ní ẹ̀gbọ́n, wọ́n á sì máa pe èmi ní àbúrò, inú mi kì í sì í dùn sí i rárá. Nítorí náà, nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, gbogbo ènìyàn ló rí i.

Wọ́n rí i, wọ́n sì ń yìn ín. Ohun tó ṣòro fún mi láti gbàgbé nìyẹn. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ á dì í mú lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Ẹ wo opó gidi. Ẹ wo bó ṣe ń ṣọ̀fọ̀ olówó orí rẹ̀." Obìnrin kan wà ní àdúgbò kan náà tí ọkọ tirẹ̀ ti kú ṣáájú, tí ara rẹ̀ kò sì yí padà. Òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán. Ṣé ogún ló ń jẹ ni, àbí òkú?" Àbúrò mi ti gbọ́ ẹ̀fẹ̀ yẹn dáadáa, ó sì ti bá wọn rẹ́rìn-ín sí i kí ọ̀ràn tó kan òun náà. Nígbà tó wá rí i pé òun ń rù, ara tù ú ni. Ó rò pé ara òun mọ ohun tó yẹ kí ara opó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àtúnṣe kékeré kan síbẹ̀, nítorí mo ṣì ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní. Ọ̀fọ̀ lè mú ènìyàn rù, èmi kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀fọ̀ bá mú rù, oúnjẹ ni kì í wọ̀ ọ́ lọ́fun. Àbúrò mi ń jẹun. Ó ń jẹ ju bó ṣe ń jẹ nígbà tó sanra lọ. Màmá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi ní ọdún Àjíǹde pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Tíṣà, ìyàwó wa ń jẹun. Iyán tí ọkùnrin méjì tí ń ti oko bọ̀ máa jẹ, òun nìkan máa jẹ ẹ́ tán." Àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. A gbà pé ẹni tó bá ń jẹun kò ṣàìsàn. Kò sí ẹni tó béèrè pé ibo ni gbogbo iyán yẹn ń gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ síta. Ní àwọn ọdún yẹn, rédíò kì í dákẹ́ lórí àrùn kògbóògùn, àwòrán ẹni tó rù kan eegun sì wà lára ògiri gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba. Bí obìnrin bá ń rù lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, orí àwòrán yẹn ni ọkàn àwọn ènìyàn máa lọ. Rírù díẹ̀ ni wọ́n ń yìn. Rírù púpọ̀, ńṣe ni wọ́n ń sá fún un, wọn kò sì ní sọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn fún gbogbo ilé láti sọ pé ọ̀fọ̀ ni, àti nígbà tí òrùka bọ́, láti sọ pé ọkọ rẹ̀ ni.

Mo fọ òrùka náà, mo sì ní kí àbúrò mi tún fi í sọ́wọ́. Ó fi í sí ìka rẹ̀, ó yọ́ bọ́. Ó fi í sí ìka àárín, ó ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi í sí àtàǹpàkò rẹ̀, nítorí mo fẹ́ rí ibi tó máa dúró. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì tún jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Àtàǹpàkò! Ẹni tí wọ́n fi ọṣẹ fa òrùka lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò bọ́!

"Dìde," ni mo wí fún un. "Jẹ́ ká lọ sí yàrá."

Nínú yàrá, mo ní kó bọ́ gáùn dúdú náà. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, kí lẹ fẹ́ wò? Èmi náà mà ti di ìyá àwọn ènìyàn." Mo sọ fún un pé èmi ni mo máa ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò tíì lè ká ọwọ́ rẹ̀ kan etí. Nígbà náà ló tó bọ́ ọ. Ìró wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tú ìyẹn, ìró mìíràn wà lábẹ́ ìyẹn, òmíràn sì tún wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti ń ró aṣọ lé aṣọ kí gáùn náà má baà fẹ́ dànù lára rẹ̀, kí àwọn tó ń yìn ín má baà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Nígbà tí aṣọ tán, mo wo ara rẹ̀. Mo ti rí òkú. Mo ti rí ọmọ tí ebi pa nígbà ogun. N kò rí irú èyí lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún iyán fún mi. Egungun èjìká rẹ̀ yọ bí ìkọ́ tí a fi ń gbé aṣọ kọ́. Awọ apá rẹ̀ òkè rọ̀ wálẹ̀ bí apá aṣọ tó tóbi ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Mo lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Egbò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní igi ìdáná ló gún òun ní àsìkò tí a ń gbin àgbàdo. Àgbàdo ti gbó, a ti jẹ ẹ́ tán, egbò náà kò tíì jinná.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí. N kì í tilẹ̀ í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Mo tún bi í nípa ojú rẹ̀, nítorí mo ti rí i láàárọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé obìnrin tó jókòó tì í ló ń bá a ṣí ìwé orin. Ó ní nọ́ńbà orin tí wọ́n kọ sára pátákó ti ń dà bí èéfín lójú òun. Mo bi í nípa òùngbẹ. Ó na ìka sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kẹ́ẹ̀gì omi kan wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé epo pupa. Ó ní òun máa ń mu ún tán kí ilẹ̀ tó mọ́, ìtọ̀ kì í sì í jẹ́ kí òun sùn. Mo jáde lọ wo balùwẹ̀ wọn lẹ́yìn ilé. Èèrà ti tò láti ara ògiri wá sí ojú ibi tí omi ń gbà jáde, wọ́n bo ibẹ̀ bámúbámú bí ẹni pé ẹnì kan da ṣúgà síbẹ̀.

Olùkọ́ obìnrin kan wà ní iléèwé wa tó ní àtọ̀gbẹ. Ó máa ń sọ fún wa ní yàrá olùkọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: èèrà níbi tí òun bá tọ̀ sí, òùngbẹ, ebi, ara tó ń lọ. Mo dúró lójú èèrà wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ obìnrin náà sì ń padà wá sí mi létí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo padà sí yàrá, àbúrò mi ti wọ aṣọ rẹ̀. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí mi, ṣé àrùn yẹn ni?"

"Àrùn wo?"

"Èyí tí wọ́n ń sọ ní rédíò."

"N kò rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe dókítà. Ọ̀dọ̀ dókítà la máa lọ."

Ó mi orí. "Ẹ fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ mi ló ń pè mí, wọ́n máa sin mí tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń sọ ní rédíò, ta ni yóò bá àwọn ọmọ mi jẹun nínú abọ́ kan náà?"

Àbúrò mi ti jókòó, ó ti gbé ikú méjì yẹ̀ wò, ó sì ti mú èyí tí kò ní ba orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́.

Ní pálọ̀, Màmá kò jókòó lásán. Ó ti rán ẹnì kan sí àwọn ìyá aládùúrà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn yóò mú àbúrò mi gun orí òkè tí wọ́n ti máa ń gbàdúrà, yóò sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu, kí okùn tó so ó mọ́ òkú lè já. Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó ń kà á pé Màmá kò ní ìkà nínú. Òun náà fẹ́ràn àbúrò mi. Òun ló gbẹ̀bí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ti sin àbúrò tirẹ̀ tán, kò sì fẹ́ sin ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọn.

"Ulé yìí ti sin ẹnì kan," ló wí fún mi. "Ulé yìí kò ní sin ẹlòmíràn. Ẹ má dí wa lọ́wọ́, Tíṣà."

"Èmi náà kò fẹ́ kó sin ẹlòmíràn, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹni tó mu omi ìṣanwọ́ tán lójú wa, ṣé òun lẹ fẹ́ kó wà lórí àpáta fún ọjọ́ mẹ́ta láìfi omi kan ẹnu?"

Ó ń fi ìka pa ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kí ni dókítà mọ̀ nípa ọ̀nà ọ̀run?"

"Kò sí ẹni tó fẹ́ bá a lọ sí ọ̀run, Màmá. Ìdó là ń lọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó sì gbé e mì. "Ẹnu yín yìí ni ẹ fi ń gbowó oṣù."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn Ìdó ní àárọ̀ ọ̀la. Bí wọ́n bá ní kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó ru ẹní yín gun òkè."

"Àwọn aládùúrà ńkọ́?"

"Kí wọ́n máa gbàdúrà kí ọkọ̀ wa má bàjẹ́ lọ́nà."

Ó ní kí a fi òrùka náà sí ọwọ́ òun. Ó so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó ta á ní kókó tó le, ó ní bí àbúrò òun tó ti kú bá fẹ́ gbà á, kó wá gbà á lọ́wọ́ òun. Ó sì ní òun máa bá wa lọ, kí dókítà má baà fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tàn wá jẹ.

Takisí tí a wọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, a kò tíì jìnnà sí Ìsàn tí àbúrò mi ní kí awakọ̀ dúró kí òun tọ̀. A tún dúró kí a tó dé Ọ̀yẹ́. Ní Ọ̀yẹ́, ó ra omi inú ọ̀rá, ó mu ún, ó tún rà, ó gba èyí tó wà lọ́wọ́ Màmá mọ́ ọn. Lẹ́yìn Ọ̀yẹ́, a tún dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá," ni awakọ̀ wí, "ṣé odò lẹ gbé sínú ni?"

"Awakọ̀, ọ̀nà ni kó o máa wò," ni Màmá fèsì. "Ìwọ kò tọ̀ rí?"

Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ń wo àwọn ọ̀rá omi tó ṣófo lẹ́sẹ̀ àbúrò mi. Ó wo oòrùn tó ti ń mú. Ó ní, "Àsìkò yìí, à bá ti wà lórí òkè," kò sì parí ọ̀rọ̀ náà.

Kí a tó dé Ìfàkì, àbúrò mi gbé orí lé mi léjìká. Ó ń mí kíkankíkan bí ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ kò sáré. Èémí rẹ̀ ń ta sí mi nímú, òórùn rẹ̀ dà bí ti ọ̀pẹ òyìnbó tó ti pọ́n jù tí ó ti fẹ́ máa kan. Mo pè é, ó dáhùn. Mo tún pè é, ó pẹ́ kó tó dáhùn. Mo sọ fún awakọ̀ pé kó má dúró fún èrò kankan mọ́, àwa la máa san àyè tó ṣófo. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí ojú àbúrò mi, kò sì bá wa ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan rí bó ṣe ń mí, kò sì jẹ́ ká tò. Wọ́n fẹ́ wọn ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n ní kí a bá a bọ́ ohun tó pọ̀ lára rẹ̀. Èmi di àbúrò mi mú, Màmá sì ń gba aṣọ: gáùn dúdú, ìró kan, ìró mìíràn, ìró mìíràn. Màmá kò tíì rí ara àbúrò mi lábẹ́ aṣọ láti ìgbà tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀. Ó dúró tòun ti àwọn aṣọ náà láyà, ó ń wo ohun tó kù lórí ìwọ̀n.

"Aṣọ rèé lọ́wọ́ mi," ló wí. "Ìyàwó mi dà?"

Ilẹ̀ ló jókòó sí. Nọ́ọ̀sì ní kó dìde kó jókòó sí bẹ́ńṣì, kò gbọ́.

Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì ti fa omi sí i lára kí dókítà tó wá bá wa sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Yorùbá ló sì bá wa sọ. Ó ní àtọ̀gbẹ ni, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ kọjá ààlà. Oúnjẹ tó ń jẹ ń di ṣúgà, ṣúgà náà kò rí ọ̀nà wọ inú ẹran ara rẹ̀, ó ń bá ìtọ̀ lọ. Ara tí ebi ń pa láàárín ọ̀pọ̀ oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Àrùn tí a ń bẹ̀rù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí i.

Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ara tó lọ tó báyìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ kò rí i nílé pé ó ń rù ni?"

Mo la ẹnu, Màmá ṣáájú mi.

"A rí i, ọmọ mi," ló wí. "À ń yìn ín."

Dókítà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Màmá sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ọ̀fọ̀, ti òrùka, ti orí òkè. Nígbà tó dé orí ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu, dókítà fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, ìgbà wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ náà?"

"Òwúrọ̀ yìí."

Kò bú wa. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ mú un wá. Bí ó bá gun òkè yẹn, kò ní fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀."

Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín wa àti ikú rẹ̀, orúkọ ìfẹ́ la sì fẹ́ fi pa á.

Ọjọ́ kejì ni ojú rẹ̀ tó mọ́. Ó wò mí, ó wo Màmá, ó ní, "Ṣé àrùn yẹn ni?" Màmá ló dá a lóhùn: "Kì í ṣe òun. Ṣúgà ni. Ọkọ rẹ kò pe ẹnì kankan. Ó wà níbi tó wà." Nígbà náà ni àbúrò mi wá sunkún, ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ tí òrùka ti bọ́.

Ara kò padà ní wéré. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún un lójoojúmọ́, ó kọ́ bí yóò ṣe máa gún un fúnra rẹ̀, iyán sì di ohun tó ń jẹ ní ìwọ̀nba, èyí tó jẹ́ ìyà ńlá fún ọmọ Èkìtì. Màmá ló ń ṣọ́ abọ́ rẹ̀. "Ó tó," á ní, "gbé ọwọ́ kúrò." Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná. Ọjọ́ tó bọ́ aṣọ dúdú, kò tíì sanra, ṣùgbọ́n ìró kan ṣoṣo ló ró.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka èyí mú lọ kò pọ̀. Bí ara ẹnì kan bá ń lọ, tí kì í ṣe pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ dín ara kù, ẹ má yìn ín, ẹ má sì bá a wá ìtàn tí yóò fi sinmi. Ì báà jẹ́ opó, ì báà jẹ́ aláàwẹ̀, ì báà jẹ́ àgbàlagbà tí ẹ rò pé ọjọ́ orí ló mú un gbẹ. Ẹ bi í bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bóyá ó ń húkọ́, bóyá ó ń làágùn lóru, bóyá oúnjẹ ń wọlé, àti bóyá èyí tó ń wọlé ń dúró. Kì í ṣe àtọ̀gbẹ nìkan ló ń jẹ ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó di pé òrùka rẹ̀ kàn yín léyín.

Màmá kò retí kí n sọ ìyẹn fún òun. Lẹ́yìn ọdún yẹn, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ní àdúgbò, òun ló ń kọ́kọ́ ká apá aṣọ opó sókè. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí obìnrin kan ń yin opó kan pé ó ti fọn, pé ọ̀fọ̀ yẹ ẹ́. Màmá ní, "Gbé ẹnu ẹ kúrò lára ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé o ti bi í bóyá ó ń mu omi lóru?"

Òrùka náà kò kúrò ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bó bá pààrọ̀ ìró, á tú u, á tún un so mọ́ èyí tó bá wọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìsìn, á ní, "Mú ọwọ́ wá," á fi òrùka náà sí ìka àbúrò mi, á gbọn ọwọ́ náà, òrùka á yọ́ bọ́, á sì tún un so padà. Àwọn ènìyàn rò pé ó ti ń ṣe arán. Kò sí ìwọ̀n nílé wọn, òrùka yẹn ló fi ń wọn ìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ kan ni mo bá wọn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá ti fi òrùka náà sí i níka. Ó gbọn ọwọ́, kò bọ́. Ó tún gbọ̀n ọ́n, ó wá fi ìka méjì dì í mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

"Ẹ ń dá mi lóró, Ìyá mi," ni àbúrò mi kígbe. "Ẹ máa ya awọ ọwọ́ mi!"

"Kó ya," ni Màmá wí, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń já bọ́ lójú rẹ̀. "Kó ya. Tíṣà, ẹ wá bá mi fà á."

Mo bá a fà á. Àwa méjèèjì fà á níwájú gbogbo ìjọ, òrùka náà kò sì bọ́.